Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra píkọ́ọ̀pù oníná láti tún un tà lówó gọbọi

Ìparí Oṣù Kọkànlá 2023 ni Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í fa Cybertruck, píkọ́ọ̀pù oníná rẹ̀, lé àwọn tó ti ń dúró dè é lọ́wọ́. Ẹ̀dà àkọ́kọ́, Foundation Series onímọ́tò méjì, fi díẹ̀ dín ní $100,000. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ yìí ti dé ọjà gbàǹjo, a sì rí èyí tó lọ ní ohun tó ju $200,000. Owó di ìlọ́po méjì láì tíì fọ taya! Ẹni tó gbọ́ ọ ní Houston pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Dallas, ẹ̀gbọ́n pe àna rẹ̀ ní Atlanta, kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wọn ti ń wá ibi tí wọn yóò ti yáwó.

Ní Oṣù Karùn-ún 2025, Tesla wá gbà láti máa gba Cybertruck lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi pààrọ̀ ọkọ̀ mìíràn. Iye tí wọ́n dá lé irú Foundation Series 2024 yẹn, èyí tó ti rin nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà máìlì, jẹ́ $65,400.

Àárín iye méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn rì sí. Ẹni tó san $200,000 yẹn fẹ́ fo ìlà ni, ó sì lówó tó lè fi fo ó. Ìlà ló ra. Ọjọ́ tí ìlà bá tú, ẹni tó ń ta àyè lórí ìlà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ bí kò ṣe ọkọ̀ tó ti di àlòkù, àti gbèsè báńkì tó bá fi rà á.

Ẹ má fi ìròyìn àná ra ọjà òní

Àṣìṣe yìí ló pa èèyàn jù, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé jù.

Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí kò ṣe. Kí Cybertruck tó dé, F-150 Lightning, píkọ́ọ̀pù oníná ti Ford, ti gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá. Ní Oṣù Karùn-ún 2021 tí Ford fi í han aráyé, wọ́n ní èyí tó kéré jù yóò jẹ́ $39,974. Àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200,000. Nígbà tí iléeṣẹ́ Rouge ní Dearborn, Michigan, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin 2022, ọ̀pọ̀ díílà ló lé owó lórí rẹ̀, wọ́n sì rí ẹni rà á. Àwọn tó tètè gbà á jèrè. Ṣùgbọ́n Ford náà ní ojú. Ó rí i pé àwọn ẹlòmíràn ń kó èrè lórí ọkọ̀ òun, òun náà bá ń fi owó kún un díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹta 2023, ọkọ̀ $39,974 yẹn ti di $59,974. Èrè tó yẹ kó bọ́ sápò atúntà ti wọ àpò Ford.

Ibi tó ti wá dun àwọn tó kó ọkọ̀ pamọ́ ni Oṣù Keje ọdún kan náà. Ford já a lulẹ̀ sí $49,995. Ọkọ̀ tó wà nínú gáráàjì yín lánàá ti fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là rẹlẹ̀ lónìí, ẹ kò sì tíì gbé e jáde. Ní Oṣù Kìíní 2024, Ford kéde pé òun yóò dín iye tí òun ń ṣe kù. Nígbà tó di Oṣù Kejìlá 2025, wọ́n ní àwọn kò ní ṣe Lightning tó ń lo bátìrì nìkan mọ́. Hummer oníná ti GMC náà ṣe bẹ́ẹ̀: $112,595 ni wọ́n ta Edition 1, ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀, àwọn kan tún un tà ní ju $200,000 lọ ní gbàǹjo ní 2022, lẹ́yìn náà ariwo rọlẹ̀.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Elon Musk, ọ̀gá Tesla, fúnra rẹ̀ sọ ní 2023 pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún Cybertruck ju mílíọ̀nù kan lọ. Àmọ́ $100 ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì lè gbà á padà. Owó oúnjẹ alẹ́ èèyàn méjì ni. Nígbà tí iye ọkọ̀ wá di $100,000 dípò $39,900 tí wọ́n kọ́kọ́ pè é ní 2019, ọ̀pọ̀ wọn fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Iye tí wọ́n rí tà ní Amẹ́ríkà ní odindi 2024 kò pé 40,000. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní mílíọ̀nù kan èèyàn ló wà lórí ìlà, ẹ bi í pé mélòó nínú wọn ló ti san owó tí kò ṣeé gbà padà.

Ẹ máa wo ojú òpó ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá bá ti lè wọlé kó ra ọkọ̀ náà kí wọ́n sì gbé e fún un láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ náà ti parí. Fún Cybertruck, Oṣù Kẹjọ 2024 ni. Nígbà tó di Oṣù Kẹwàá, èyí tí kì í ṣe Foundation Series ti wà ní $79,990. Síbẹ̀ mo mọ àwọn tó ṣì ń wá tirẹ̀ rà láti fi jèrè lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún yẹn.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà

Àwọn ilé-iṣẹ́ yìí kò fẹ́ràn atúntà, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Nínú àdéhùn tí Tesla gbé jáde fún Cybertruck ní Oṣù Kọkànlá 2023, wọ́n ní ẹni tó bá ta ọkọ̀ náà láàárín ọdún kan láì gba àṣẹ yóò san $50,000, tàbí iye tó tà á, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹ tún un kà. Ẹni tó bá tà á ní $180,000, wọ́n lè ní kó kó gbogbo $180,000 náà wá. Wọ́n tún lè kọ̀ láti ta ọkọ̀ fún un mọ́. Àdéhùn yẹn tún ní bí nǹkan bá le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ tà á, Tesla ni ẹ máa kọ́kọ́ fi lọ̀, yóò sì yọ owó máìlì tí ẹ ti wà kúrò nínú owó yín.

Ní ti Ford, oṣù àkọ́kọ́ 2022 ni wọ́n kọ̀wé sí àwọn díílà pé wọ́n lè fi àdéhùn kún un, kí oníbàárà má lè ta Lightning láàárín ọdún kan. Ti GM, ilé-iṣẹ́ tó ni GMC, yàtọ̀ díẹ̀ ní 2022: ẹni tó bá ta Hummer oníná kó tó pé oṣù méjìlá, wáráǹtì pàtàkì inú rẹ̀ kò ní tẹ̀lé ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á, ẹni tó tà á kò sì ní lè forúkọ sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń wá mọ́. Ẹ rò ó wò ná. Ta ni yóò san owó lé owó fún ọkọ̀ oníná tí kò ní wáráǹtì?

Àwọn kan máa ń ní, “Ìwé lásán ni, wọn ò ní ṣe nǹkan kan.” Ẹ bi John Cena. Ọdún 2017 ni Ford gbé ajàkadì náà lọ sílé ẹjọ́ torí pé ó ta Ford GT rẹ̀ kó tó pé ọdún méjì tí wọ́n jọ ṣàdéhùn. Wọ́n parí ẹjọ́ náà ní 2018, owó sì jáde. Bí wọ́n bá lè bá gbajúmọ̀ tó mú orúkọ wọn wọ ìròyìn ṣe bẹ́ẹ̀, èmi kò rí ìdí tí wọn yóò fi yọ́nú sí yín.

Ẹ má sì rò pé kíkọ orúkọ ìyàwó tàbí àbúrò sí i lè bo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó fọwọ́ síwèé ni ìwé mọ̀, òun ni wọn yóò sì wá kàn nílé.

Ẹ má fi iye títà yọ iye rírà kí ẹ sì pè é lérè

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó pẹ̀lú Texas, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí. Ẹ ra ọkọ̀ ní $100,000, ẹ tà á ní $120,000 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Gbogbo èèyàn ń pariwo pé ẹ jẹ $20,000.

Owó orí ọjà tí Texas ń gbà lórí ọkọ̀ jẹ́ 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ọkọ̀ tó di tiyín lórúkọ, $6,250 ti lọ. Díílà tó ní láísẹ́ǹsì kì í san án lórí ọjà tó fẹ́ tún tà, ẹ̀yin ni ẹ máa san án. Ó ku $13,750. Ìjọba àpapọ̀ yóò gba owó orí lórí èrè yìí bí ẹni ń gbà á lórí owó oṣù, torí pé ọkọ̀ kò pé ọdún kan lọ́wọ́ yín. Bí ìpele yín bá jẹ́ 24 nínú ọgọ́rùn-ún, $3,300 tún kúrò. Bí ẹ bá yá gbogbo owó náà ní èlé 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, oṣù mẹ́ta jẹ́ $1,750. Ẹ ti wà ní $8,700, a kò sì tíì dárúkọ inṣọ́ránsì, èyí tí kì í kéré lórí ọkọ̀ olówó ńlá tuntun. Oníbàárà yín náà yóò san 6.25 tirẹ̀ lórí $120,000, ìyẹn $7,500, owó yẹn sì wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń ná ọjà lọ́wọ́ yín.

Èyí tó wá burú jù nìyí: bí ẹ bá jèrè, ìjọba bá yín pín in. Bí ẹ bá pàdánù lórí ọkọ̀ tí ẹ rà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ìlò ara ẹni, ẹ kò lè yọ àdánù náà kúrò nínú owó orí yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa jẹ ẹ́.

Ẹ̀dínwó $7,500 ti ìjọba àpapọ̀ náà wà ńbẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró lẹ́yìn Oṣù Kẹsàn-án 2025. Ẹni tó bá rà á fún ìlò ara rẹ̀ ni òfin ní kó gbà á, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ tún un tà. Àwọn tó gbà á tí wọ́n sì yára ta ọkọ̀ náà, IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, lè béèrè rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ má sọ ara yín di díílà láì gba láísẹ́ǹsì

Ní Texas, ẹni tó bá ta tó ọkọ̀ márùn-ún láàárín ọdún kan gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì díílà. Gbogbo ọkọ̀ tí ẹ bá sì tà kó tó pé iye yẹn gbọ́dọ̀ wà lórúkọ yín. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹ gba ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ fi àyè oníbàárà sílẹ̀ láì kọ nǹkan sí i, kí ẹ sì fi í lé ẹni kẹta lọ́wọ́ kí ẹ má bàa san owó orí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin. Bí ìwé ìgbélùú yín kò bá tíì dúró dáadáa, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé

Ọkọ̀ yìí ń gbé inú fóònù. Bí ẹ bá fún oníbàárà ní kọ́kọ́rọ́ tí ẹ kò yọ ọkọ̀ náà kúrò nínú áàpù yín, ẹ ṣì lè ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ẹ ṣì lè mọ ibi tó wà. Ó lè dà bí eré, àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá sọnù tí ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹni tí fóònù rẹ̀ ṣì ń ṣí i. Lórí Tesla, bí oníbàárà bá lọ gba iná ní Supercharger, ibùdó ìgbaná Tesla, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà kúrò lórúkọ yín, káàdì yín ni wọn yóò yọ owó náà lára. Ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ jọ parí ìyípadà náà lójú ara yín, kí ẹ pa gbogbo àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù tó wà nínú síkíríìnì ọkọ̀ náà rẹ́, kí ẹ tó dìde.

Ẹ tú nọ́ńbà ọkọ̀ yín sílẹ̀ kí ó tó kúrò níwájú ilé. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí TxDMV, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Texas, pé ẹ ti tà á, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tí kò ṣe é ni owó tóòlù Houston máa ń wá bá nílé lórí ọkọ̀ tí kò ní mọ́.

Ní ti sọ́wédowó báńkì, ayédèrú rẹ̀ ti dára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè dá a mọ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀ka báńkì tí oníbàárà ń lò, kí òṣìṣẹ́ báńkì kọ ọ́ lójú yín. Tí ó bá ní òun kò ráyè lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

“Bí kò bá tà níbí, màá gbé e lọ sí Èkó”

Mo ti gbọ́ èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Lóòótọ́, àwọn olówó kan ti gbé Cybertruck wọ Nàìjíríà, àwòrán wọn sì gba ìgboro. Àwọn yẹn ra àfihàn. Kò sí Supercharger kankan ní Nàìjíríà, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ fún Amẹ́ríkà sì ń béèrè àtúnṣe lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ léraléra: ní Oṣù Kẹta 2025, Tesla pe ohun tó ju 46,000 Cybertruck padà torí pé irin kan lára rẹ̀ lè já bọ́ lójú ọ̀nà. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀ ojú omi àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ pe mẹkáníìkì yín ní Ládípọ̀, kí ẹ bi í bóyá yóò gbà á wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.