Bí mo ṣe jí treadmill mẹ́ta dìde ní jíìmù yunifásítì kan ní Àkúrẹ́

Treadmill, ẹ̀rọ tí èèyàn ń sáré lórí rẹ̀ lójú kan, márùn-ún ló wà ní jíìmù náà, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti lẹ bébà "Ó ti bàjẹ́" mọ́ mẹ́rin yòókù lára, wọ́n sì ti ń wá owó bọ́ọ̀dù tuntun (pátákó iná tó ń darí motor) kiri. Mo ní kí wọ́n ṣì mú sùúrù. Bọ́ọ̀dù kì í ṣàdéédé jó. Bẹ́líìtì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tó bá ti gbẹ, ló sábà máa ń sun ún: bẹ́líìtì ń ha pákó abẹ́ rẹ̀, motor ń fi agídí fà á, iná tó ń gba inú bọ́ọ̀dù kọjá ń pọ̀ sí i, títí nǹkan kan á fi gbóná jó níbẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù láì wo bẹ́líìtì, kó yáa múra àtira òmíràn.

Ohun tí mo kó dání kò pọ̀: Allen key 6 mm àti 8 mm, skrudráfà, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé rírọ̀ tí wọn ò tíì fi kun nǹkan kan, bulówà, mítà, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì àwọn bíríkìlà, síríńjì 20 ml láti kẹ́mísìtì (mo yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ jù nù), aṣọ gbígbẹ, àti ọ́ìlì silicone tí kò ní àbùlà. Bọ́ọ̀tì àti fíúsì, mo rí wọn rà l'Ọ́jà Ọba. Ọ́ìlì yẹn ni mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó, tí mo lọ gbà ní gáréèjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, WD-40 tàbí Vaseline dípò rẹ̀. Inú epo rọ̀bì ni gbogbo wọn ti wá, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí bẹ́líìtì wú, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ tún ka ìwé ẹ̀rọ yín, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé wax ni wọ́n ti fi pa pákó wọn láti ilé iṣẹ́. Irú wọn ò fẹ́ ọ́ìlì rárá.

Mo yọ pulọ́ọ̀gì, mo fa kọ́kọ́rọ́ ààbò, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí n tó ṣí ìdérí motor. Kapásítọ̀ ńlá orí bọ́ọ̀dù máa ń fi iná pamọ́, ó sì lè gbé èèyàn dáadáa lẹ́yìn tí pulọ́ọ̀gì ti kúrò lára ògiri. Abẹ́ ìdérí yẹn kún fún erùpẹ̀ pupa. Pápá bọ́ọ̀lù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìmù, fèrèsé sì máa ń wà ní ṣíṣí lásìkò ọyẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi kọ́kọ́ tú u, kí n tó fi bulówà fẹ́ ẹ jáde síta. Ẹ má fi aṣọ tútù kan ibẹ̀.

Nínú ẹ̀rọ kejì, ọmọńlé kan ti kú sórí bọ́ọ̀dù, ó ti gbẹ bí ẹja panla. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wà lórí ojú òjé kan, ìrù rẹ̀ wà lórí ìkejì. Fíúsì nìkan ló jó. Mo yọ òkú ọmọńlé náà, mo fi sípírítì nu ojú ibẹ̀, mo fi fíúsì tí ámpù rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu gẹ́lẹ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ sì tàn. Ihò wáyà ló gbà wọlé. Nẹ́ẹ̀tì wáyà ni mo fi dí i; fóòmù á dí afẹ́fẹ́ tí motor nílò.

Abẹ́ bẹ́líìtì ni ẹjọ́ wà gan-an. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ láàárín, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń balẹ̀. Bí ọ́ìlì bá wà, ìka á máa yọ̀ díẹ̀. Lára ẹ̀rọ márààrún, títí kan èyí tí wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan, ìka mi jáde ní gbígbẹ pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú dúdú bí èédú. Mo fi máákà sàmì sórí bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn méjèèjì tó ń fa bẹ́líìtì le, mo tú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyípo 8, mo ń kà á sókè kí n lè dá a padà síbi tí mo bá a. Èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá ti aṣọ gbígbẹ bọ abẹ́ bẹ́líìtì, a ń fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó. Aṣọ mẹ́ta ló dúdú kó tó mọ́.

Lẹ́yìn náà, mo fi síríńjì ta 15 ml ọ́ìlì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, lọ́tùn-ún àti lósì, káàkiri ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àṣejù níbẹ̀ burú: ọ́ìlì tó bá ṣẹ́kù á ṣàn dé ara rólà iwájú, ọ̀pá roboto tó ń yí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì á máa yọ̀ lórí rẹ̀, erùpẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Mo dá bọ́ọ̀tì padà ní ìyípo 8, mo sì jẹ́ kó máa yí ní kìlómítà 3 ní wákàtí kan fún ìṣẹ́jú 5 láì sẹ́ni lórí rẹ̀.

Fífà bẹ́líìtì le kọjá bó ṣe yẹ ló ń ba bíárìn jẹ́. Bí ẹ bá gbé etí rẹ̀ sókè láàárín, kó lè kúrò lórí pákó ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7.

Ẹ̀rọ kẹta máa ń dúró bí èèyàn bá ti gorí rẹ̀. Mo jẹ́ kó máa yí ní kìlómítà 3, mo wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, ojú mi wà lára rólà iwájú. Bí bẹ́líìtì bá dúró tí rólà ṣì ń yí, bẹ́líìtì ló dẹ̀. Bí rólà náà bá dúró tí motor ṣì ń yí, bẹ́líìtì kékeré onílà tó so wọ́n pọ̀ ló dẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró pa pọ̀, ẹ lọ wo iná àti bọ́ọ̀dù. Bẹ́líìtì kékeré ni ti ẹ̀rọ yìí; títì tí mo ti motor sẹ́yìn díẹ̀ ló yanjú rẹ̀.

Bẹ́líìtì rẹ̀ tún ń rìn lọ sósì. Kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀tì, ẹ gbé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì lé e. Ilẹ̀ yàrá yẹn dagẹ̀rẹ̀ sápá ibi tí omi ń gbà jáde, nítorí náà ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Èyí tó kù, mo jẹ́ kó máa yí ní kìlómítà 5, mo yí bọ́ọ̀tì òsì sápá ọ̀tún, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí n tó tún un ṣe. Ẹni tó bá ń kánjú yí i léraléra, ìgbà tí bẹ́líìtì bá padà sí ọ̀tún ni á mọ̀ pé òun ti ṣe é jù.

Ẹ̀rọ kẹrin máa ń yí fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á sì dúró. Ibi tó ti ń mọ ìyára ara rẹ̀ ló ní ìṣòro: mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà lára rólà iwájú, ojú tó ń kà á sì ti yẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo dá a padà sí bíi 3 mm sí mágínẹ́ẹ̀tì náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 5, wọ́n sì ti fi oṣù mélòó kan gbé e tì.

Ọ̀rọ̀ iná ṣì wà nílẹ̀. Lálẹ́ tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì tan iná, mítà mi ka 171 fólítì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ náà sì ń fẹ́ 220 sí 240. Síbẹ̀, orí èkténṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n so méjì mọ́! Wáyà yẹn gbóná mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n fa wáyà 2.5 mm sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sítébíláísà 5 kVA tirẹ̀.

Ẹ̀rọ karùn-ún ò gbà. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti dúdú, pákó abẹ́ rẹ̀ sì ti ní kòtò tí èékánná ń kọ́. Ọ́ìlì ò lè tún irú rẹ̀ ṣe. Mo yí pákó náà padà wò, torí ẹ̀yìn àwọn kan dára bí ojú wọn, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti yí tirẹ̀ rí. Mo tú rólà ẹ̀yìn rẹ̀ àti bọ́ọ̀tì méjèèjì sínú báàgì fún ìgbà tí àwọn yòókù bá nílò rẹ̀, mo sì fi bébà wọn sílẹ̀ lára rẹ̀.