Bí a ṣe ń rin Havana Àtijọ́ já lọ́jọ́ kan

Kí ẹ tó lọ sí Havana, olú ìlú Kúbà, ìwé ìrìnnà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ óò gba físà àti inṣọ́ránsì ìlera, ẹ óò sì kún D'Viajeros, fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú Kúbà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ méje tó ṣáájú ìrìn àjò. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń bá ìdin nínú iyọ̀: ẹni tó bá ti dé Kúbà láti 12 oṣù kìíní 2021 kò lè fi ESTA (ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí kò gba físà) wọ Amẹ́ríkà mọ́, àfi kó lọ gba físà.

Ẹ kó yúrò tàbí dọ́là wẹ́wẹ́ dání, nítorí káàdì báńkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iná máa ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà ẹ gbé páwà báǹkì. Ẹ má yan ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló máa ń tì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ní Plaza de Armas. Jacques de Sores, olè orí òkun ọmọ Faransé, dáná sun ìlú yìí ní 1555. Ìyẹn ló mú kí Sípéènì bẹ̀rẹ̀ odi Real Fuerza ní 1558. Àwọn ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn tó ru òkúta rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ odi náà ni El Templete, ilé ìrántí kékeré kan, wà, igi àràbà sì wà níwájú rẹ̀. Ní alẹ́ 15 mọ́jú 16 oṣù kọkànlá, èrò máa ń tò lọ bẹẹrẹ láti yí àràbà náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ wolẹ̀ dáadáa níwájú ààfin àwọn gómìnà: pákó gígé ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà níbẹ̀, kì í ṣe òkúta. Bí òjò bá rọ̀, ó ń yọ̀, nítorí náà bàtà tó ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀.

Ẹ gba ìdí kàtídírà kọjá sí òpópónà Obrapía, kí ẹ wo Casa de África, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa Áfíríkà. Ẹ óò pàdé àwọn tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyàwó òrìṣà ni wọ́n, ọdún kan ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ẹ má yà wọ́n ní fọ́tò láìgbàṣẹ, ẹ má sì fọwọ́ kàn wọ́n.

Lọ́sàn-án, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Muelle de Luz lọ sí Regla. Wọ́n máa ń yẹ báàgì wò, torí àwọn kan ti já irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà rí láti fi sá lọ Amẹ́ríkà. Ẹ má gbé ẹrù ńlá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà létí omi, Màríà aláwọ̀ dúdú ló gbé ọmọ aláwọ̀ funfun dání. Yemọja ni àwọn Lùkùmí, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà Yorùbá ní Kúbà, ń kí nínú rẹ̀, 7 oṣù kẹsàn-án sì ni ọdún rẹ̀. Ní tiwa, ẹni tó dé Havana tí kò dé Regla kò tíì dé Havana.

Lálẹ́, La Cabaña, odi tó wà lórí òkè ní òdì kejì omi, ló kàn. Ní 1762, orí òkè yẹn ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu odi El Morro kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀tù fọ́ ọ. Nígbà tí Sípéènì gba ìlú padà ní 1763, wọ́n mọ odi sórí òkè náà títí di 1774, kí ọ̀tá má baà tún rí i lò mọ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń yin àgbá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ àbọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ kò lè gba ọ̀nà abẹ́ omi tó lọ síbẹ̀, nítorí náà ẹ dúnàá-dúrà àlọ àtàbọ̀ pẹ̀lú onítákísì, kí ẹ sì ní kó dúró dè yín. Bí àgbá bá ti dún tán, gbogbo èrò ló ń wá ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó ọkọ̀ a sì gbówó lórí.