Bí Ẹ Ṣe Lè Du Ipò Kánsẹ́lọ̀ ní Èkìtì Láìba Orúkọ Ilé Yín Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹjọ́ tí ẹ ń rò lórí fóònù láràárọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ ní ọtí paraga ń ba àwọn ọmọ jẹ́, ẹ ní ọmọdé ò kí àgbà mọ́, ẹ ní wọ́n ń fi owó káńsù ṣòfò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó lè ṣòfin lórí ọtí títà lẹ́bàá ilé ìwé kò sí lórí fóònù. Yàrá ìpàdé káńsù ni wọ́n wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ lọ jókòó.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì kí n tó fẹ̀yìntì. Láti ọdún 1999 ni mo ti ń bá àwọn tó ń du ipò kánsẹ́lọ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tó bá gbà bíi tèmi pé ìdílé, ọ̀wọ̀, ìbẹ̀rù Ọlọ́run àti ìṣọ́ra lórí owó ìlú ló sọ Èkìtì di ilẹ̀ iyì, òun ni mò ń kọ èyí sí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní Àfikún Kẹrin. Kò gùn. Ẹ kà á tán kí ẹ tó tẹ pósítà kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba, itẹ́ òkú, kíkó pàǹtírí, sísọ àdúgbò lórúkọ, kíkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sínú ìwé. Ìjọba ìbílẹ̀ tún ń kópa nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìlera. Ẹ wá wò ó dáadáa, ìwé àṣẹ ọtí títà wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a fi ń bẹ àwọn alátẹ ọtí pé kí wọ́n jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, agbára wà lọ́wọ́ káńsù láti sọ ibi tí wọn yóò ti máa tà á, kò kàn sẹ́ni tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ni. Ẹni tó bá ti ka ibẹ̀ kò ní dúró ní gbàgede kó máa ṣèlérí afárá àti yunifásítì. Yóò sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká: òrùlé ilé ìwé tó ń jò, gọ́tà ọjà, oògùn ní dípẹ́ńsárì, òfin ọtí.

Nípa ti owó, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọdọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, àti pé gómìnà kankan kò gbọdọ̀ tú káńsù tí ará ìlú dìbò yàn ká. Owó gidi ni ẹni tó bá wọ káńsù yóò máa ṣọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: wọ́ọ̀dù yín. Èkìtì ní ìjọba ìbílẹ̀ 16, wọ́ọ̀dù 177, àti ibùdó ìdìbò 2,445. Bí ẹ bá pín in dọ́gba, bíi ibùdó 14 ló kan wọ́ọ̀dù kan. Èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ín tán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọkọ̀ jíìpù àti ìlù ló ń gbé èèyàn wọlé ní irú ibi báyìí.

Ẹ ra ìwé ńlá kan, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ ilé ìwé sí dára fún un. Ojú ewé kan fún ilé kan. Bí ẹ bá jáde nílé onílé, ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó dé ilé kejì, torí orí kì í gba gbogbo rẹ̀ dúró. Bí ojú ewé kan ṣe máa ń rí nìyí: «Ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni mẹ́rin ní káàdì ìdìbò. Bàbá kò lè rìn jìnnà, ẹni tó ní ọkadà ni yóò gbé wọn. Ìyàwó ọmọ wọn wá láti Ìfàkì, káàdì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kó lọ ṣe àyípadà. Ọmọ kan ti pé ọdún 18, kò tíì forúkọ sílẹ̀. Ẹjọ́ wọn: omi gọ́tà ń ya wọlé.» Ìwé àwọn olùdìbò tí INEC, àjọ ìdìbò gbogbo Nàìjíríà, ṣe náà ni àjọ EKSIEC, tó ń ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkìtì, máa ń lò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìyàwó tí káàdì rẹ̀ wà nílùú mìíràn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìgbà tí INEC bá ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe àyípadà ibùdó, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò.

Bí ẹ ṣe ń wọlé tọ àwọn èèyàn ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ fẹ́ sọ lọ. Àárọ̀ kò dára, oko ni wọ́n máa wà. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, tàbí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹ sì lọ kí àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Jímọ̀. Àwọn tó ń sùn ní abà láàárín ọ̀sẹ̀ náà ní káàdì, ẹ wá wọn lọ. Ọ̀dọ̀ baálé tàbí olórí ẹbí lẹ kọ́kọ́ ń yà sí. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ayé ti kọjá bẹ́ẹ̀, ayé kò kọjá bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tiwa. Lẹ́yìn ìkíni, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kan: «Bàbá, kí ni káńsù ti ṣe rí tí ẹ rántí?» Kí ẹ wá dákẹ́. Bàbá á dákẹ́ díẹ̀, á ké sí ìyàwó rẹ̀ kó bá òun rántí, ìyẹn á dárúkọ ẹ̀rọ omi kan tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí àkọ́bí wọn ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n á bá a dé ọjọ́ tó bàjẹ́ àti orúkọ ẹni tó kó pọ́ǹpù rẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa wọ́ọ̀dù yẹn ti wà nínú ìtàn ẹ̀rọ omi kan. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ náà láti polongo ara yín. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gba àdúrà lẹ́nu bàbá.

Ẹ má fo ilé àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn Ẹbira tó ń dáko lọ́dọ̀ wa, àwọn Ígbò tó ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń san owó ọjà, ọmọ wọn àti tiwa jọ ń jókòó sórí àga kan náà. Ìtọ́jú àlejò wà nínú àṣà tí a ní a fẹ́ dáàbò bò.

Ìnáwó òkú lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́? Ẹ lọ, ẹ kí olókùú, ẹ jókòó, ẹ jẹun. Ẹ má pín pósítà níbẹ̀.

Ti ẹgbẹ́ òṣèlú kò lọ́jú pọ̀. Òfin wa kò fàyè gba kí èèyàn dá dúró du ipò láìsí ẹgbẹ́, nítorí náà ẹ wọ ẹgbẹ́ tí ìwà rẹ̀ kò jìnnà sí tiyín, kí ẹ gba káàdì rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yín gan-an. Ẹ máa lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù nígbà tí kò sí ìdìbò nítòsí, tí àga ṣófo. Ẹni tó ń san owó oṣù, tó ń bá wọn kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, òun ni wọ́n máa ń rántí nígbà ìdìbò abẹ́lé. Ẹ gba ìwé ìlànà EKSIEC ní Adó ní kùtùkùtù, kí ẹ wo ọjọ́ orí àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè. Bí orúkọ inú ìwé ẹ̀rí yín bá yàtọ̀ sí ti káàdì, ẹ tètè lọ búra ní kóòtù.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù ni ti owó ìbò. «Dìbò kóo sebẹ̀» ti di orin lẹ́nu wa láti ìdìbò gómìnà ọdún 2018, ìtìjú ló sì jẹ́ fún àwa tí à ń pe ara wa ní ọmọ ilẹ̀ iyì. Wọn yóò bi yín ní ẹnu ọ̀nà pé kí lẹ mú wá. Ẹ má bínú, ẹ má sì wàásù. Mo máa ń kọ́ àwọn tí mò ń bá rìn láti dáhùn báyìí: «Màmá, owó tí mo bá fún yín lónìí, inú owó oògùn dípẹ́ńsárì ni n óò ti yọ ọ́ padà, ẹ̀yin náà ni ẹ ó sì wá oògùn tì.» Ẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn kan á ṣe ojú burúkú, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á pe ọmọ wọn wá gbọ́. Kò burú kí ẹ fún àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ní búrẹ́dì àti omi, ilé Yorùbá kì í lé àlejò lọ lébi, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi àṣà yìí bo àbẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ni kí ẹ gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi ìyá kan tí gbogbo ọjà fọkàn tán ṣe akápò, kí ó máa gba igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, kó máa ka orúkọ gbogbo ẹni tó dá a sókè ní ìpàdé. Ẹni tó dá igba náírà ti di alábàáṣe, yóò jáde lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹ má yá owó. Ọwọ́ ẹni tó jẹ gbèsè kó tó wọ káńsù kì í mọ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ fi ẹni tó lè kàwé, tó sì lè dúró nínú oòrùn, ṣe ẹ́jẹ́ńtì ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Kó jẹun kó tó lọ. Kó mú gègé méjì, fóònù tó ti gba iná, àti omi. Bí wọ́n bá ń ka ìbò, kó máa ka tirẹ̀ sókè pẹ̀lú wọn, kó máa fa ìlà sínú ìwé. Nígbà tí ìwé èsì bá jáde, kó wo ojú àyè kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ ìbò sí lórí ìwé náà: ṣé wọ́n kọ iye náà ní nọ́ńbà, ṣé wọ́n tún kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, ṣé àyè òfìfo kankan ṣẹ́kù tí ẹnìkan lè fi nọ́ńbà kún lójú ọ̀nà? Ẹyọ òdo kan tó wọ ẹ̀yìn 32 ti sọ ọ́ di 320. Àyàfi bí gbogbo rẹ̀ bá pé ni kó tó fọwọ́ sí i, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí jàgídíjàgan. Bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, kó gbé ìwé rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá wọlé, òfin ọtí yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé dìde, ṣùgbọ́n ẹ pe àwọn tó ń tà á jókòó ṣáájú. Opó ni púpọ̀ nínú wọn, ọmọ ni wọ́n fi ń tọ́. Ẹ bá wọn wá àyè nínú ọjà kí ẹ tó lé wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé.

Bí ẹ kò bá wọlé, ẹ lọ kí ẹni tó wọlé ní ilé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí ẹ sì mú ìwé ńlá yẹn dání. Ẹ ka ẹjọ́ ilé tó pọ̀ jù níbẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà, ẹ máa lọ jókòó níbi ìpàdé káńsù. Ọdún 2011 ni Èkìtì ti ní òfin tirẹ̀ tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ béèrè ìwé ìnáwó ọdún náà, kí akọ̀wé káńsù buwọ́ lu ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ yín.