Ó ní láti jò ná: bí a ṣe dá Folkboat padà sómi

Bàbá kan ní etí omi Solent, gúúsù England, ló pè mí wá tún ọkọ̀ ìgbòkun rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ náà ti pé ọdún mẹ́ta lórí ilẹ̀. Ó ti gbẹ débi pé, tí o bá wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án, wàá máa rí oòrùn láàárín pákó.

Folkboat ni. Ìdíje ni wọ́n ṣe ní Scandinavia, ní àríwá Yúróòpù, ní 1941 láti rí àwòrán ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù lè rà. Kò sẹ́ni tó gbẹ́yẹ. Wọ́n wá ní kí Tord Sundén, ará Sweden, kó ohun tó dára nínú àwọn àwòrán náà sínú ọ̀kan ṣoṣo. Èyí àkọ́kọ́ bọ́ sómi ní 1942. Gígùn rẹ̀ kò tó mítà mẹ́jọ, ṣùgbọ́n irin tó wà nídìí rẹ̀ lé ní ìdajì ìwọ̀n gbogbo ọkọ̀, ìyẹn ni afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tí kì í dojú dé. Irú rẹ̀ ni Blondie Hasler, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, dá wà kọjá Àtìláńtíìkì ní 1960, ọjọ́ 48 gbáko.

Pákó rẹ̀ gun ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, ìṣó bàbà ló dì wọ́n mú. Mo yọ àwọn ìṣó tó ti mì, mo gbá tuntun wọlé, mo fi òrùka bàbà há a lẹ́nu, mo gé e, mo sì fi òòlù kékeré lù ú títí orí rẹ̀ fi rí rògòdò. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ẹnì kan níta, ẹnì kan nínú. Bàbá yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ló wà níta.

Mo ti ra pọ́tì líle láti dí àlàfo pákó. Bàbá ní, “Má dán an wò.” Ọmọ kanọkọ̀kanọkọ̀ Ìlàjẹ ni mí, ojú tì mí. Tí pákó bá mu omi, ó máa wú, á sì dí àlàfo fúnra rẹ̀. Tí pọ́tì líle bá há a láyè, á fa ìṣó tu tàbí kó ṣẹ́ egungun ìhà ọkọ̀.

A tẹ́ àpò ìdọ̀họ sínú rẹ̀, à ń fi omi òkun rin ín fún ọjọ́ mẹ́fà. Omi kànga máa ń tètè sọ igi di jíjẹrà. A kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́dà, kíréènì sì gbé e sómi.

Omi ya wọlé! A ò tú bẹ́líìtì kíréènì sílẹ̀ mọ́jú. Èmi àti bàbá jọ ń gbọ́n omi, pọ́ǹpù ń ràn wá lọ́wọ́. Ní aago mẹ́ta òru, mo ń ṣàdúrà. Nígbà tó di àfẹ̀mọ́jú, garawa kan ń pẹ́ kó tó kún. Lọ́jọ́ kẹta, kànrìnkàn kan ṣoṣo ló gbẹ inú rẹ̀.

Agolo pọ́tì yẹn ṣì wà nínú búùtù mọ́tò mi, n kò ṣí i.