Ìkọ́kọrẹ́ tí kì í tú, ọwọ́ tí kì í yún

Ọ̀pọ̀ ìyá ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló ti ń rin ewùrà láti kékeré kí wọ́n lè fi se ìkọ́kọrẹ́, láti kékeré náà sì ni ọwọ́ ti ń yún wọn. Orí á ti funfun kí wọ́n tó gbọ́ pé omi tí wọ́n fi ń ṣan ọwọ́ ló ń dá kún un. Èèpo ewùrà àti ibi tó sún mọ́ èèpo ni ohun tó ń yúnni wà. Ó mú bí abẹ́rẹ́, omi á sì gbé e káàkiri ọwọ́. Ẹ fọ ewùrà kí ẹ tó bẹ ẹ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi epo pupa pa ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì bẹ èèpo rẹ̀ nípọn. Bó bá ti yún yín ná, ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi ra á.

Ọbẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé orí iná. Ewùrà tí ẹ bá rin sílẹ̀ á dúdú, á sì máa ṣomi. Fún ewùrà bíi kìlò 1.5: ata rodo 4, tàtàṣé 2, àlùbọ́sà 1, epo pupa ìgbakọ kan, omi ife 2, ẹja gbígbẹ, edé, pọ̀nmọ́ tó ti rọ̀, iyọ̀.

Bí ọbẹ̀ náà bá ti ń hó, ẹ wá rin ewùrà lójú gírétà tó kéré jù, èyí tó ń gún ọwọ́. Ojú ńlá á sọ ọ́ di fọ́nrán, kò ní dì. Ẹ fi ọwọ́ pò ó títí á fi máa fà. Bó bá ń ṣàn gba àárín ìka kọjá, omi rẹ̀ pọ̀. Ewùrà tuntun sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ́n gààrí Ìjẹ̀bú ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Àwọn kan á ní ìkọ́kọrẹ́ tó ní gààrí nínú kì í ṣe ojúlówó; ẹ yọjú wo ìkòkò tiwọn náà.

Rírò ló ń bà á jẹ́ jù. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá ń hó yaya ni kí ẹ máa já ewùrà sí i ní kókó kókó, torí ìgbóná yẹn ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ dì kíá. Bí ọbẹ̀ bá kàn lọ́ wọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ á tú, á di ẹ̀kọ ata. Ẹ dín iná kù, ẹ dé e, kí ọmọorógùn má kàn án fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ìdí rẹ̀ á jó, ẹ di etí ìkòkò mú, kí ẹ mì í. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má rò ó yí po. Ẹ la kókó kan wò: bí inú rẹ̀ bá ṣì ń yọ̀ bí ìgbà tí ẹ rin ín, ó ku ìṣẹ́jú 5.

Ẹ̀bà tútù ni ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń da omi lé gààrí lórí, kókó ló ń wá: òkè á mu omi tán, ìsàlẹ̀ á gbẹ. Omi híhó ni kó kọ́kọ́ wọ abọ́. Ẹ wọ́n gààrí sí i yí ká títí á fi yọrí lójú omi, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 3, ẹ da omi tó bá ṣẹ́kù nù, kí ẹ tó rò ó. Ẹ fi ọ̀rá wé e nígbà tó ṣì gbóná. Èyí tí ẹ bá ṣí sílẹ̀, ojú rẹ̀ á ti le kó tó tutù.