Bí A Ṣe Ń Pín Ohun Idán Sí Èyí Tí A Ó Rí He àti Èyí Tí A Ó Rà

Ẹni tó bá ń darí eré orí tábìlì bíi Dungeons & Dragons, èyí tó ti wà láti ọdún 1974, kò ní pẹ́ bá ìbéèrè yìí pàdé: ṣé inú ihò àpáta ni àwọn akọni tí àwọn òṣèré ń kó ipa wọn yóò ti he idà olóògùn ni, àbí wọn yóò fi owó rà á lọ́jà? Bí àwa tí a ń ṣe eré náà ní Abẹ́òkúta ṣe ń ṣe é nìyí.

Kí ẹ tó ju dáìsì rárá, ẹ ya àwọn ohun tó ń tán bí a bá lò wọ́n sọ́tọ̀ fún ọjà. Ìgò oògùn ìwòsàn, tí ìwé òfin dá owó góòlù 50 lé, kò yẹ kó ṣòro í rí. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ní orúkọ àti ìtàn, ẹ má tà á. Ẹ̀dà kẹta eré náà tó jáde ní ọdún 2000 dá iye lé ohun idán tó pọ̀ jù lọ, débi pé idà tí a forí la ikú kí a tó rí kò ju owó tí a fẹ́ lọ ṣẹ́ lọ lójú ọ̀pọ̀ òṣèré.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú iye owó. Ìwé olùdarí ti ọdún 2014 fi ohun idán tó pè ní “èyí tí kò wọ́pọ̀” (uncommon) sí àárín góòlù 101 sí 500, àlàfo yìí sì dára fún ìdúnàádúrà. Mo ti ṣe bí ìyá ọlọ́jà Ìtòkú rí, nígbà tí akọni kan fẹ́ ra bàtà tí kì í dún bí a bá ń rìn.

“Màmá, èló ni?”

“Irínwó àti àádọ́ta.”

“Ẹ gba igba.”

“Kò gbà, ọkọ mi. Igba kò tilẹ̀ ká owó awọ.”

Ó yíjú pé òun ń lọ, mo pè é padà, a sì parí rẹ̀ sí 320, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò bá màmá fi ẹrù kan jíṣẹ́ ní òdìkejì odò. Ẹrù náà ló bí ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kejì.

Ní ti ohun tí wọn yóò he, ẹ jẹ́ kí ọ̀tá kọ́kọ́ fi bá wọn jà. Bí wọ́n bá wá fẹ́ tà á, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà lásán ní owó tó tó o. Ẹni tó bá lè rà á gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀.