Bí mo ṣe yan cornbread ọlọ́dùnkún tí kò ní àlìkámà nínú

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń wọ kíṣìnì. Ẹyin díndín àti Indomie ni mo mọ̀ ọ́n sè kí n tó gbéyàwó, ìgbà tí mo sì gbéyàwó tán, ìyẹn gan-an mo gbàgbé ẹ̀. Ohun tó gbé mi dé ìdí ófúnù lóṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni.

Bí ọdún méjì ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fi ń lọ sílẹ̀. Wọ́n á fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀, á gòkè díẹ̀, á tún já wálẹ̀, ikùn á wú, á máa rẹ̀ ẹ́ látàárọ̀, a fẹ̀sùn kan ẹ̀wà, a fẹ̀sùn kan ata, a tiẹ̀ fẹ̀sùn kan omi Houston tá à ń gbé yìí. Àfìgbà tí dókítà kan ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún nǹkan tí wọ́n ń pè ní celiac. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má tíì jáwọ́ nínú búrẹ́dì o, torí téèyàn bá ti fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣàyẹ̀wò, èsì lè ní kò sí nǹkan kan nígbà tó jẹ́ pé ó wà ńbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ki kámẹ́rà tín-ín-rín bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun títí dé ìfun kékeré, wọ́n sì rí i. Gluten, ìyẹn purotéènì kan tó wà nínú àlìkámà, nínú báálì àti nínú ọkà tí wọ́n ń pè ní rye, tó bá ti dé inú ẹ̀, ara ẹ̀ á dojú ìjà kọ ìfun ara ẹ̀, ibi tó yẹ kó máa fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀ á wá máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ń lò ò fi ràn án. Kó má jẹ ẹ́ mọ́ títí ayé, oògùn ẹ̀ nìyẹn.

Tá a bá máa sòótọ́, oúnjẹ ilé wa gbà wá lọ́wọ́ ìyà. Iyán wà, àmàlà wà, ẹ̀bà, ògì, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, kò sí gluten nínú ìkankan. Semo ló lọ, puff-puff lọ, meat pie lọ, malt náà lọ nítorí báálì, ọmọrogùn tí ìyá ìyàwó mi fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ náà lọ, torí semo tá a ti fi í ro kọjá òǹkà, igi ò sì ṣeé fọ̀ dénú. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan lórí gbogbo ìyẹn. Cornbread Mámà Louisiana ló dùn ún.

Mámà Louisiana, ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní òdìkejì títì wa nìyẹn. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ náà torí Louisiana ni wọ́n bí i sí, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbàgbé. Láti ọdún tá a ti kó dé àdúgbò yìí, gbogbo Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà lóṣù kọkànlá, ló máa ń gbé cornbread olóbìrípo kan wá fún wa, gbígbóná, á ti fi táwẹ́ẹ̀lì wé e. Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, kì í ṣe búrẹ́dì bá a ṣe mọ búrẹ́dì o, kò ní yíìsì, wọn kì í pò ó pọ̀pọ̀pọ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo, ẹyin, buttermilk, ìyẹn mílíìkì tó kan, bọ́tà, wọ́n á dà á sínú páànù irin dúdú tó wúwo bí òkúta tí wọ́n ń pè ní skillet, ó di inú ófúnù. Tó o bá mọ àbàrí, èyí táwọn kan ń pè ní sàpàlà, ṣáà fojú inú wo àbàrí tí wọ́n yan dípò kí wọ́n bọ̀ ọ́, tí etí ẹ̀ wá gan tó ń dún lẹ́nu. Ti Mámà tún ní ọ̀dùnkún nínú, èyí tó pọ́n bí ìbẹ́pẹ yẹn.

Ìyẹn rán mi létí nǹkan kan. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, mo rí agolo lórí àtẹ ní súpámákẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ yams sí i gàdàgbà, mo ra mẹ́rin, mo ní mo fẹ́ se àsáró. Mo ṣí i, ọ̀dùnkún pupa nínú omi ṣúgà! Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé àwọn ará Louisiana ni wọ́n fi orúkọ iṣu polówó ọ̀dùnkún wọn láwọn ọdún 1930, kó lè yàtọ̀ sí èyí tó funfun táwọn ìpínlẹ̀ yòókù ń tà. Ìjọba tiẹ̀ ní kí wọ́n kọ sweet potato mọ́ ọn lára agolo, àmọ́ lẹ́tà ẹ̀ kéré, èmi ò rí i. Mo sọ fún Mámà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀, ó ṣì ń pè é ní yam títí dòní.

Ṣé ẹ rí i, mo rò pé ọ̀rọ̀ cornbread ò lè le. Àgbàdo ni, àgbàdo ò sì ní gluten. Mo kọjá lọ bá Mámà, mo ní ma, ẹ jọ̀ọ́, èlò wo lẹ máa ń lò? Ó ní ìyẹ̀fun àgbàdo kọ́ọ̀pù kan, fúláwà kọ́ọ̀pù kan. Hàà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é, fúláwà àlìkámà ló ń dì í mú. Èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí pé kéèyàn ṣáà da omi sí i, àlìkámà sábà máa ń wà ńbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ self-rising sí lára, pé ohun tó ń mú un wú ti wà nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àlìkámà. Mo ní n ó ṣe ti ìyàwó mi fúnra mi nìyẹn. Mámà wò mí lókè nílẹ̀, ó wọlé, ó sì gbé skillet ìyá ẹ̀ jáde, ó ní kí n lọ fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbí. Àgbàlagbà gbé ohun tí ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lé ẹ lọ́wọ́, báwo lo ṣe fẹ́ sọ pé o ò gbà? Irin yẹn dúdú, ó ń dán bí ojú dígí, òróró bí ọgọ́ta ọdún ló ti jóná mọ́ ọn lára tó di awọ fún un, ìyẹn gan-an ló sì ń kọ́ mi lóminú, torí fúláwà ọgọ́ta ọdún náà ti bá a lọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo jókòó, mo gbé e lé itan, mo wá ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dákẹ́. Ó ní, “Àbí skillet ìyá mi lè dá ọmọ yẹn dùbúlẹ̀ àìsàn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó gbà á padà lórí itan mi, ó ní kí n lọ ra tuntun, òun á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi òróró tọ́ ọ.

Oníínǹṣì mẹ́wàá ni mo rà. A fọ̀ ọ́, a gbé e sórí iná kó gbẹ, a fi òróró pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, Mámà ní kí n nù ún kúrò bíi pé mi ò fẹ́ kó wà ńbẹ̀ mọ́, a dojú ẹ̀ bolẹ̀ nínú ófúnù tó gbóná dé 450 Fahrenheit fún wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é. Èéfín gba ilé, aago iná ń ké, àwọn ọmọ sá jáde.

Ìyẹ̀fun àgbàdo tí mo kọ́kọ́ rà, ìyàwó mi ló yí ọ̀rá ẹ̀ padà tó ka ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ àlìkámà ni wọ́n fi lọ òun náà. Mo dá a padà. Èyí tí wọ́n bá kọ gluten-free sí gbangba ni kẹ́ ẹ máa wá, torí láti 2013 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti là á kalẹ̀ pé ohun tó bá jẹ́ orúkọ yẹn, gluten inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ tó ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan. Baking powder náà, ẹ kà á. Ẹ jìnnà sí èyí tí wọ́n ń fi igbá bù tà nínú àpótí, ẹ ò mọ ohun tí igbá yẹn ti wọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àkọ́kọ́ tí mo yan, àjẹbì ni. Mo bọ ọ̀dùnkún lómi, mo gún un, mo pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo gbé e wọ inú ófúnù. Òkè ẹ̀ pọ́n dáadáa, mo ti ń yà á ní fọ́tò, ìgbà tí mo gé e ni àárín ẹ̀ ń fà bí ẹ̀kọ tí ò jiná. Ìkejì, mo dín ọ̀dùnkún kù, mo fi ìyẹ̀fun kún un, ó wá gbẹ, ó ń fọ́ yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́, ó ń ta eyín bí iyanrìn. Ìyàwó mi fi ṣíbí jẹ ẹ́, ó ní kò burú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó, ẹ mọ ohun tí “kò burú” túmọ̀ sí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, aago mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa, márùn-ún ìdájí ní Ìbàdàn, mo pe màámi. Mo mọ̀ pé wọ́n ti jí gbàdúrà.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Àkànní, ṣé kò sí o?”

Mo ní kò sí mà, cornbread ni. Mo rò gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, “Ta ló ní kó o bọ ọ̀dùnkún lómi? Kí lo fẹ́ fi omi yẹn ṣe? Yan án! Ṣé o ti gbàgbé èyí tá a máa ń rì mọ́ eérú lábúlé ni?” Wọ́n tún ní, “Ìyẹ̀fun ẹ ò tíì mumi yó lo ti gbé e síná, ṣé kò ní dà bí iyanrìn? Rẹ ẹ́ ná.” Ọ̀rọ̀ tán. Èmi tí mo ti wo fídíò bí ogún.

Ìkẹta nìyí, bí mo ṣe ṣe é gan-an. Ọ̀dùnkún pupa méjì tí ò tóbi jù, Beauregard ni, irú tí wọ́n mú jáde ní Louisiana ní 1987, Mámà ò gbà kí n ra òmíràn. Mo fi fọ́ọ̀kì gún ara wọn, mo gbé wọn sínú ófúnù láti ìgbà tí kò tíì gbóná, mo wá tan án sí 400, mo fi wọ́n síbẹ̀ bíi wákàtí kan àti díẹ̀ títí oyin ara wọn fi ń kán jáde. Kó gbóná díẹ̀díẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí ìgbà yẹn ni sítáàṣì inú ẹ̀ ń di ṣúgà, omi ara ẹ̀ náà sì ń gbẹ. Mo bó wọn, mo gún wọn, mo wọn kọ́ọ̀pù kan péré, ohun tó kù àwọn ọmọ jẹ ẹ́.

Kí ìyẹn tó jiná, mo ti da ìyẹ̀fun àgbàdo tó kúnná, kọ́ọ̀pù kan àtààbọ̀, sínú buttermilk kọ́ọ̀pù kan, mo bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tẹ́ ò bá ní buttermilk, ẹ fún ṣíbí ńlá ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú mílíìkì kọ́ọ̀pù kan, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀, á kan. Ó ti mumi yó nígbà tí mo fi dé e, ó rọ̀ bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Mo po ọ̀dùnkún mọ́ ọn, ẹyin mẹ́ta, torí ẹyin ló máa dì í mú nígbà tí kò sí fúláwà, bọ́tà yíyọ́ ṣíbí ńlá mẹ́rin, ṣúgà pupa ṣíbí ńlá méjì. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni mo wá fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ààbọ̀ kọ́ọ̀pù sí i, èyí tí mo ti po baking powder ṣíbí ńlá kan, baking soda ààbọ̀ ṣíbí ìpotíì àti iyọ̀ ṣíbí ìpotíì kan mọ́. Tí baking powder bá ti wọlé, ẹ má dúró sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́ o.

Skillet ti wà nínú ófúnù látàárọ̀, mo ti gbé iná ẹ̀ lọ sí 425. Mo fà á jáde, mo ju bọ́tà ṣíbí ńlá méjì sí i, mo yí i kó kan gbogbo ara ẹ̀, mo da àpòpọ̀ náà lé e, ó dún ṣàà! Dídún yẹn ló ń mú kí ìdí ẹ̀ gan, tí kò bá dún, irin ẹ ò gbóná tó nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo fi igi ìtayín gún àárín ẹ̀, ó jáde láìsí nǹkan kan lára. Mo gbé e sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo dúró tì í kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, torí tẹ́ ẹ bá gé e ní gbígbóná, á fọ́ ni, kò tíì le.

Ó gé gééré. Àárín ẹ̀ pọ́n, ó rọ̀, kò fà, etí ẹ̀ ń dún. Ìyàwó mi jẹ ẹyọ kan, kò sọ̀rọ̀, ó nawọ́ mú ìkejì. Lọ́jọ́ Thanksgiving mo gbé òmíràn kọjá títì lọ fún Mámà, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù, pé cornbread ilé àwọn kì í ní ṣúgà, ó wá ní kí n bá òun fi fóìlì dì ìyókù.

Skillet náà wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì wa. Mo so òwú pupa mọ́ ọwọ́ ẹ̀ kí àlejò má baà mú un din puff-puff. Àbúrò mi tó wá kí wa nígbà Kérésì wò ó títí, ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Brọ̀dá mi, ẹ má bínú o, ta ló fún yín ní eléyìí?”